Ṣé òótọ́ ni pé inú dídùn òṣìṣẹ́ ń mú kí okòwò jèrè?

Oníbúrẹ́dì Mọníyà:

Ẹ̀yin ará mi, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń ṣe búrẹ́dì ní agbègbè Mọníyà, ní Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ni mo ní lọ́wọ́ báyìí: àwọn tí ń po fúláwà, àwọn tí ń gé e tí wọ́n sì ń tò ó sínú páànù, àwọn tí ń dúró ti ààrò, àwọn tí ń dì í sínú ọ̀rá, àti awakọ̀ kan tí ń gbé e lọ fún àwọn ìyá alátùntà kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárín ọdún kan tó kọjá, ẹni mẹ́sàn-án ló ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ń dúró ti ààrò nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi ní kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe tí yóò tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, pé kí n ṣáà máa gba ẹlòmíràn. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Èkó sọ pé bí inú òṣìṣẹ́ bá dùn, èrè mi yóò pọ̀ sí i. Mo bi í pé báwo ni inú dídùn ṣe ń di owó, kò rí i ṣàlàyé fún mi. Mo ra ìrẹsì àti òróró fún wọn nígbà Kérésì tó kọjá. Méjì lára wọn gba tiwọn, wọ́n dúpẹ́ gan-an, a kò sì rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ nígbà tí oṣù Kìíní dé. Ṣé òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àbí ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó lówó tí wọ́n lè fi ṣòfò ni? Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀ bíi tèmi lè ṣe?

Aṣírò Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí èmi náà bi yín ní ìbéèrè kan: ẹni mẹ́sàn-án tó lọ yẹn, èló ni lílọ wọn ná yín? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ kò ní in lákọsílẹ̀, nítorí pé nínú gbogbo ìwé ìṣirò okòwò kéékèèké tí mo ti yẹ̀ wò, n kò tíì rí ẹyọ kan tí wọ́n kọ àdánù tí òṣìṣẹ́ tó lọ dá sílẹ̀ sí. Owó fúláwà wà níbẹ̀, owó yíìsì wà níbẹ̀, owó dísẹ́ẹ̀lì àti igi ìdáná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àdánù yìí a máa fara pamọ́ sí abẹ́ gbogbo wọn, a ó sì máa rò pé fúláwà ló wọ́n.

Ẹ gbé bébà kan kalẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí àyè ẹni tó lọ fi ṣófo àti iye búrẹ́dì tí ẹ kò lè yan láwọn ọjọ́ náà. Ẹ kọ iye tí ẹ fún ẹni tó bá yín wá ẹlòmíràn. Ẹ kọ iye àpò fúláwà tó bàjẹ́ nígbà tí ẹni tuntun ń kọ́ bí ààrò yín ṣe ń gbóná, nítorí ààrò kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, ẹni tó sì mọ ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kò tíì mọ tiyín. Ẹ wá kọ orúkọ àwọn alátùntà tí búrẹ́dì kò tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, tí wọ́n fi yà sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì mìíràn, tí wọn kò sì padà. Nígbà tí ẹ bá ṣírò rẹ̀ tán, ẹ fi owó náà wé ohun tí ì bá ná yín láti mú kí ẹni àkọ́kọ́ dúró. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá nílé.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ lórí ìṣirò yìí tàn káàkiri ayé jù lọ kì í ṣe aláàánú èèyàn rárá. Henry Ford ni, ẹni tí ń ṣe ọkọ̀ ní agbègbè Detroit lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1913, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ètò sílẹ̀ pé kí ọkọ̀ tí wọ́n ń tò máa rìn kọjá níwájú òṣìṣẹ́, kí kálukú sì máa ṣe ohun kan ṣoṣo láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ náà le, ó sì súni. Àwọn èèyàn ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, wọ́n ń gba òmíràn jáde, débi pé ó ní láti gba èèyàn tó lé ní 50,000 síṣẹ́ láàárín ọdún kan kó tó lè rí nǹkan bí 14,000 tí yóò dúró. Ní oṣù Kìíní ọdún 1914, ó kéde pé dọ́là márùn-ún ni òun yóò máa san lójúmọ́, èyí tó ju ìlọ́po méjì owó tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbà tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì dín wákàtí iṣẹ́ kù láti 9 sí 8. Láàárín ọdún kan péré, iye àwọn tí ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ já wálẹ̀ gidigidi, àwọn tí ń pa iṣẹ́ jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílẹ̀. Ford fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ó wà lára àwọn ọ̀nà tó dára jù lọ tí àwọn fi dín ìnáwó kù rí. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó pè é. Kò pè é ní ọrẹ.

Bàbá Ìdúmọ̀tà:

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀gá aṣírò, ẹ má bínú o, n kò lè fara mọ́ ìtàn Ford bí ẹ ṣe sọ ọ́ yìí. Ohun tí ẹ fò dá ni pé ọkùnrin náà ń rán àwọn èèyàn lọ sí ilé àwọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n lọ wò ó bóyá ilé wọn mọ́, bóyá wọ́n ń mutí, bóyá wọ́n ń fi owó pamọ́, kó tó san dọ́là márùn-ún náà fún wọn ní pípé. Ṣé ìyẹn náà ni inú dídùn?

Èmi ti ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà fún ọgbọ̀n ọdún. Mo ti fi owó kún owó oṣù ọmọkùnrin kan rí, mo tún bá a san owó ilé. Ọdún kejì ló gba ṣọ́ọ̀bù sí iwájú tèmi gan-an, tó sì ń pe àwọn oníbàárà mi lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá oníbúrẹ́dì, ẹ máa rọra o. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò lọ.

Olùkọ́ Ilé-Ifẹ̀:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, nítorí pé iyèméjì wọn ni àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé náà ti ń bá yí fún ìgbà pípẹ́: ṣé inú dídùn ló ń mú èrè wá, àbí ilé iṣẹ́ tó ti ń jèrè ló ń rówó mú inú òṣìṣẹ́ rẹ̀ dùn? Bí ẹ bá wo ilé iṣẹ́ kan tó lówó, tí ẹ sì rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ kò tíì mọ èyí tó ṣáájú nínú méjèèjì.

Ìdí nìyí tí àwọn mẹ́ta kan ní Yunifásítì Warwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Oswald, Eugenio Proto àti Daniel Sgroi, fi dán an wò lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fi lè sọ pé owó ló ṣáájú. Ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2015. Wọ́n pe àwọn èèyàn tó lé ní 700 lónírúurú ìgbà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ṣe àròpọ̀ nọ́ńbà oníméjì-méjì márùn-ún lọ́wọ́ kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pé iye èyí tí kálukú bá ṣe tó tọ̀nà ni yóò fi gbowó. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi eré apanilẹ́rìn-ín han àwọn kan, wọn kò fi han àwọn yòókù. Àwọn tí eré náà mú inú wọn dùn ṣe nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn yòókù lọ, àṣìṣe wọn kò sì pọ̀ sí i. Wọ́n tún rí i pé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ tàbí tí àìsàn líle kọlu ẹbí wọn láìpẹ́ kò lè ṣe tó àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin òbí rẹ̀ kò nílò ìwádìí kankan kó tó mọ ìyẹn.

Ìwádìí kejì sún mọ́ ọjà ju èyí lọ. Onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Jan-Emmanuel De Neve, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá BT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ̀lé nǹkan bí 1,800 òṣìṣẹ́ tí ń fi fóònù tajà ní ọ́fíìsì mọ́kànlá fún oṣù mẹ́fà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tẹ àwòrán ojú kan láti fi hàn bí inú rẹ̀ ṣe rí, láti orí ojú tó fà ro títí dé orí ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi èyí wé ìwé ìtajà, wọ́n rí i pé inú dídùn mú kí ọjà tí wọ́n ń tà fi nǹkan bí ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Wọn kò fi wákàtí kún iṣẹ́ wọn o. Ìpè tí wọ́n ń ṣe láàárín wákàtí kan ló pọ̀ sí i, èyí tó ń já sí títà nínú àwọn ìpè náà sì pọ̀ sí i.

Ohun tó wù mí jù nínú iṣẹ́ náà ni ọgbọ́n tí wọ́n fi mọ̀ pé inú dídùn ló ṣáájú títà. Ojú ọjọ́ ni wọ́n lò. Ní ọ́fíìsì tí fèrèsé pọ̀ sí, ọjọ́ tí òjò bá ṣú máa ń ba ọkàn àwọn òṣìṣẹ́ jẹ́ ju ibi tí wọn kì í ti í rí ìta lọ. Àwọn oníbàárà tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ sì wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, níbi tí òjò yẹn kò dé. Bí títà bá wá dín kù lọ́jọ́ náà, a kò lè sọ pé oníbàárà ni kò fẹ́ rajà. Ìyá oníbúrẹ́dì, ipá yìí hàn jù lọ níbi tí òṣìṣẹ́ ti ní láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu yí èèyàn lọ́kàn padà, nítorí náà ẹ ronú kan awakọ̀ yín tó ń bá àwọn alátùntà pàdé láàárọ̀ kùtù.

Kí n fi ẹ̀kẹta kún un ní ṣókí. Ní ìlú Shanghai, ilé iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn ṣètò ìrìn àjò, Ctrip, gbà kí onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, Nicholas Bloom, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn òṣìṣẹ́ tó yọ̀ǹda ara wọn sí méjì: àwọn kan ń ṣiṣẹ́ nílé, àwọn kan ń wá sí ọ́fíìsì, fún oṣù mẹ́sàn-án. Iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ìfiṣẹ́sílẹ̀ láàárín wọn sì dín kù sí ìdajì. N kò sọ pé kí ẹni tí ń dúró ti ààrò lọ máa yan búrẹ́dì nínú yàrá rẹ̀ o! Ohun tí mo ń wí ni pé wọ́n mú ìnira kan kúrò lọ́rùn òṣìṣẹ́, ìnira náà sì ti ń jẹ owó ilé iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á. Kódà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló padà sí ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n ní kí kálukú yan èyí tó wù ú, nítorí pé wọ́n ń dá nìkan wà jù nílé. Ohun tó ń dun òṣìṣẹ́ kan lè máà dun èkejì. Ẹ ní láti béèrè ni.

Ọmọ Ọ̀tà:

Ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àyè. Èmi kì í ṣe agbanisíṣẹ́, ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni mí, mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe ń rí láti ìsàlẹ̀. Mo ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe àríyá fún wa, wọ́n ń dá aṣọ fún wa, wọ́n ń pín agbòòrùn àti apẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù tí wọ́n ní àwọn yóò san ní ọgbọ̀n ọjọ́, ó lè di ọjọ́ kejìlá oṣù tó tẹ̀ lé e. Onílé kò gba àríyá gẹ́gẹ́ bí owó ilé. A ń lọ yá owó èlé, a ó sì dúró nídìí ẹ̀rọ, ọkàn wa yóò wà lọ́dọ̀ ẹni tí a jẹ ní gbèsè. Àwọn àgbà ló sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni owó ìtanràn. Bí o bá pẹ́ dé, wọn yóò yọ ọ́ lára owó rẹ. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ, wọn yóò yọ ọ́, láìbéèrè ohun tó fà á. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa a máa bú àgbàlagbà níwájú ọmọdé. Ohun tí gbogbo èyí wá sọ wá dà ni pé a kò sọ ohunkóhun fún wọn mọ́. Ní ọdún kẹta tí mo dé ibẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lódì. Ó tó ẹni mẹ́fà nínú wa tó gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó lọ sọ, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ni wọn yóò ní ó bà á jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀rọ náà gan pátápátá, iṣẹ́ sì dúró fún ọjọ́ mẹ́ta. A jókòó sábẹ́ igi, a ń wo àwọn ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń sáré sókè sódò. Kí n má purọ́, inú wa dùn lọ́jọ́ náà.

Ìyá wa, ẹ máa wo èyí ju ẹ̀rín lọ: bí òṣìṣẹ́ yín bá rí àléébù kan, ṣé yóò wá sọ fún yín?

Aṣírò Abẹ́òkúta:

Ọmọ Ọ̀tà, o ṣeun púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn gan-an ni irú owó tí n kò rí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Bàbá mi ní Ìdúmọ̀tà, ẹ tọ̀nà lórí àwọn tí Ford ń rán lọ sílé òṣìṣẹ́, n kò sì lè gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá èrè tó hàn fún ìgbà pípẹ́, onímọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣúná kan, Alex Edmans, gbé àwọn ilé iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún tí wọ́n kà sí ibi tó dára jù láti ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà yẹ̀ wò láti ọdún 1984 sí 2011. Èrè tí àwọn tó ra ìpín ìdókòwò wọn rí fi ìdá 2.3 sí 3.8 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Kì í ṣe ọdún kan tàbí méjì lèyí. Sùúrù ni ó gbà.

Télọ̀ Òṣogbo:

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ẹjọ́ ọmọkùnrin bàbá Ìdúmọ̀tà ni mo fẹ́ fọwọ́ kàn. Bàbá, ẹ fún un ní owó àti ilé, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ ọdún tí yóò kúrò lọ́dọ̀ yín àti ohun tí yóò mú kúrò? Lọ́dọ̀ àwa tí ń kọ́ṣẹ́ àti lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò tí ń kọ́ ọmọ lọ́jà, ọmọ máa ń mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọdún báyìí ni òun yóò fi sìn, pé ọ̀gá yóò ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún òun ní gbangba, níwájú àwọn òbí òun. Àwọn ọ̀gá Ìgbò tilẹ̀ ń fún un ní owó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìnwá ọ̀la rẹ̀ kì í sábà jí oníbàárà ọ̀gá rẹ̀ gbé, nítorí yóò ṣì nílò àdúrà àti orúkọ ọ̀gá náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àṣìṣe tèmi kún un. Nígbà kan, mo fẹ́ràn ọmọ iṣẹ́ kan ju àwọn yòókù lọ nítorí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ń fún un lówó oúnjẹ, mo ń jẹ́ kó tètè lọ sílé. Inú tirẹ̀ dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́rin tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ bí ẹni tí ń gé koríko. Aṣọ ẹbí méjì bàjẹ́ kí ojú mi tó là. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe oore, ẹ ṣe é ní ìbámu, kí gbogbo wọn sì mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má sì rò pé inú dídùn túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa ṣe bó ṣe wù wọ́n, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í dunnú níbi tí ọ̀lẹ ti ń gba iye kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Agbani-níyànjú Ìkẹjà:

Iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ni mò ń ṣe, nítorí náà mo fẹ́ kí a rántí pé àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣe ojú àánú, òfin ni. Owó ìtanràn tí Ọmọ Ọ̀tà sọ, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò fàyè gba pé kí agbanisíṣẹ́ kàn yọ owó lára owó oṣù bó ṣe wù ú. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí tó ṣe àìbìkítà, àṣẹ tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wà kí wọ́n tó yọ owó kankan, àpapọ̀ ohun tí wọ́n bá yọ lóṣù kan kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Òfin kan náà fún òṣìṣẹ́ tó bá ti lo ọdún kan ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ ní pípé. Òfin ọdún 2010 lórí ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò NSITF, àjọ ìjọba tó ń san ẹ̀san náà. Níbi tí iná àti ẹ̀rọ ti pọ̀ bíi ti oníbúrẹ́dì, owó yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sá fún. Bí òṣìṣẹ́ yín bá sì di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 yóò kàn yín: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù láti ọwọ́ yín, ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Ará Leeds:

Láti ìlú Leeds ni mo ti ń kí yín. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ méjì ṣáájú ni a máa ń mọ ìgbà tí a ó wọṣẹ́. Ẹni tó lọ́mọ kò lè ṣètò ẹni tí yóò bá a mú ọmọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń pè láàárọ̀ pé ara àwọn kò yá, ilé iṣẹ́ náà a sì lọ yá èèyàn lọ́wọ́ ẹ́jẹ́ǹsì ní owó tó ga ju tiwa lọ. Obìnrin tuntun kan tó wá di máníjà kò fi kọ́bọ̀ kún owó wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú ló ń lẹ ìwé ètò iṣẹ́ mọ́ ara ògiri, ó sì gbà kí a máa pààrọ̀ ọjọ́ láàárín ara wa. Àìsàn òwúrọ̀ yẹn san lójijì. Àwọn arúgbó pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í mọ orúkọ wa, nítorí ojú kan náà ni wọ́n ń rí.

Bàbá Ìdúmọ̀tà:

Télọ̀ Òṣogbo, ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ wọ̀ mí lára. Lóòótọ́, n kò sọ ọdún kankan fún un. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.

Oníbúrẹ́dì Mọníyà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀. Mo ṣe ìṣirò tí ọ̀gá aṣírò sọ. N kò ní í kọ iye rẹ̀ síbí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á sí ọkọ mi létí, wọ́n gba bébà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un ṣe fúnra wọn, wọn kò sì sọ ohunkóhun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ní kí wọ́n sọ ohun tó ń dùn wọ́n. Gbogbo wọn ní kò sí, pé Ọlọ́run á máa bù kún mi. Mo rántí Ọmọ Ọ̀tà. Mo wá bẹ ìyá àgbà tó ń bá wa di búrẹ́dì, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní màmá, pé kó bá mi bi wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni fún mi. Ohun tó mú wá kì í ṣe ohun tí mo rò. Kò sẹ́ni tó béèrè àríyá. Wọ́n ní àwọn tó ń parí iṣẹ́ ní aago méjì òru kò ní ibi tí wọn yóò sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọ́n ń nà sórí àpò fúláwà. Wọ́n ní ọjọ́ owó oṣù mi kò dúró lójú kan, èyí tí mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Wọ́n wá ní ilẹ̀kùn irin ààrò tó wà lápá òsì kò pa dé dáadáa láti ìgbà òjò, ìyẹn ló fi ń jó búrẹ́dì lápá kan tí apá kejì kò sì jinná. Èmi a máa yọ owó búrẹ́dì tó bá jóná lára owó ẹni tó ń dúró ti ààrò. Ẹni méjì tó lọ ṣáájú eléyìí ló mọ̀ nípa ilẹ̀kùn náà. Wọ́n san owó búrẹ́dì mi, wọ́n sì kó ẹrù wọn.

Ojú tì mí, kí n má parọ́. Ọkọ mi ló lọ mú wẹ́dà wá, ọjọ́ kan ló fi ṣe é, owó rẹ̀ kò tó owó ìrẹsì Kérésì. Mo ti fagi lé owó ìtanràn. Ìwé kan ló wà nídìí ààrò báyìí tí a ń kọ iye búrẹ́dì tó jóná àti ohun tó fà á sí, kò sì sí orúkọ èèyàn nínú rẹ̀. Yàrá kékeré tí mo ń kó páálí sí, mo ti kó o jáde, mo ra ẹní àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn síbẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ òru. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni ọjọ́ owó oṣù, mo sì ti ń ya owó náà sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má bàa ká mi mọ́. Owó ọjà kò tíì ga sí i tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tó ń jóná ti dín kù gan-an, kò sì tíì sí ẹni tó lọ láti ìgbà náà.

Lánàá, ọmọkùnrin tó ń dúró ti ààrò wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń po fúláwà ń dún bákan láti ìjẹta. Mo ti pe mẹkáníìkì, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la.